Ṣé sísítẹ́ẹ̀mù méjì lè gbé lórí díìsìkì tí a ti tì pa?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Windows 11 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Mo fẹ́ fi Ubuntu, irú Linux kan, sí i nítorí ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ yọ Windows kúrò. Nígbà tí mo fi fláàṣì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ó ní BitLocker wà lórí díìsìkì mi, pé kí n padà lọ pa á. Èmi ò tan BitLocker rí. Díìsìkì kejì tún wà nínú láptọ́ọ̀pù yìí tí mo fi VeraCrypt tì pa, ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ mi wà. Ọ̀rẹ́ mi ní sísítẹ́ẹ̀mù méjì kì í gbé lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ti díìsìkì rẹ̀ pa, pé gbogbo rẹ̀ ló máa ṣòfò. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n ṣe?"

Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ti ọ̀rẹ́ yín ni n ó kọ́kọ́ dáhùn: kì í ṣe òótọ́. Windows tí a tì pa àti Linux tí a tì pa lè jọ wà lórí díìsìkì kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ ọdún láì dí ara wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, ẹ̀rù tó bà á kò ṣàdédé wá. Mo ti bá àwọn tí iṣẹ́ wọn ṣòfò nídìí ọ̀rọ̀ yìí pàdé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ pé títì tí wọ́n ti díìsìkì ló fà á. Àwọn kan kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ béèrè rẹ̀. Àwọn yòókù yan díìsìkì kan, wọ́n ní kí wọ́n pa á rẹ́, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n rò ni. Ohun méjì yìí ni gbogbo ìmọ̀ràn mi dá lé lórí, ìdí sì nìyẹn tí n ó fi pẹ́ lórí wọn ju lórí fífi Ubuntu sórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ ní ẹ kò tan BitLocker rí, ètò Windows tó ń ti díìsìkì pa, ìyẹn ni pé ó ń yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà kí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ má lè kà á. Mo gbà yín gbọ́, nítorí Windows máa ń tan án fúnra rẹ̀. Láti ìgbà Windows 8.1, ní 2013, ni Microsoft ti ń fi irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Device Encryption sínú Windows Home pàápàá. Bí ẹ̀rọ bá ní ohun èlò tó yẹ, tí ẹni tó ni ín sì fi àkáǹtì Microsoft wọlé nígbà tó ń ṣètò rẹ̀, díìsìkì á ti ara rẹ̀ pa láì pariwo, kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà á sì lọ jókòó sínú àkáǹtì náà. Windows 11 ẹ̀yà 24H2, tó jáde ní 2024, dín ohun tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní kù, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bá BitLocker lórí ẹ̀rọ tuntun láì retí rẹ̀. Ipò kan tún wà tó máa ń da ọ̀rọ̀ rú: ohun tó wà lórí díìsìkì ti wà ní títì, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí díìsìkì kan náà láì farasin, nítorí pé ẹni tó ni ẹ̀rọ kò tíì fi àkáǹtì Microsoft wọlé. Windows á ní òun kò tíì dáàbò bo nǹkan kan, ètò Ubuntu á sì ní òun rí BitLocker. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Láti mọ èyí tó jẹ́ tiyín, ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú àṣẹ alákòóso, kí ẹ tẹ manage-bde -status. Ìlà Conversion Status á sọ fún yín bóyá díìsìkì wà ní títì, ìlà Protection Status á sì sọ bóyá kọ́kọ́rọ́ wà ní ìpamọ́.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí BitLocker ń tì gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ yín ti ṣìnà. Kì í ṣe odindi díìsìkì ló ń tì. Wọ́n máa ń pín díìsìkì sí ọ̀nà púpọ̀, ìpín tí ẹ mọ̀ sí C: sì ni BitLocker tì. Ìpín kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní EFI, kì í sábà tóbi, ẹnikẹ́ni kì í tì í, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ka ètò tó máa jí Windows tàbí Linux. Sísítẹ́ẹ̀mù kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀ níbẹ̀, Microsoft nínú ọ̀kan, ubuntu nínú èkejì. Nítorí náà àyè òfìfo tí ẹ bá yọ lára C: lè gba Linux láì kan ohun tó wà nínú C: rárá.

Ibi tí wọ́n ti ń kan ara wọn ni ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Kọ́kọ́rọ́ C: wà lọ́wọ́ TPM, ohun èlò ààbò kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà, ó sì ń ṣe bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó fi ìró ẹsẹ̀ dá onílé mọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, wọ́n máa ń wọn ohun tó ṣiṣẹ́ kí Windows tó jí: bóyá Secure Boot, ètò tó ń kọ ohun tí wọn kò fọwọ́ sí, wà ní títàn, ètò ta ni ó kọ́kọ́ gba iṣẹ́, ta ló fọwọ́ sí ètò náà. Bí ìwọ̀n ọjọ́ náà bá bá ti àtẹ̀yìnwá mu, TPM á yọ̀ǹda kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá bá a mu, á dá a dúró, ojú ewé aláwọ̀ búlúù kan á sì yọ tí á máa béèrè kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà, nọ́mbà gígùn tó ní dígíìtì 48. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé díìsìkì ti bàjẹ́ nígbà tí wọ́n bá rí ojú ewé yìí. Kò bàjẹ́. Ó kàn jẹ́ pé nǹkan ti yí padà lójú ọ̀nà, bíi kí ẹ pa Secure Boot, kí ẹ ṣe àtúnṣe UEFI (ètò inú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó jí), tàbí kí ẹ gba inú mẹ́nù GRUB ti Linux wọ Windows. Ẹni tí nọ́mbà 48 yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tí kò ní in ti pàdánù C:, kò sí oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó lè bá a ṣí i, Microsoft pàápàá kò lè ṣe é bí nọ́mbà náà kò bá sí nínú àkáǹtì rẹ̀.

Nítorí náà, kọ́kọ́rọ́ ni àkọ́kọ́. Ẹ wọ aka.ms/myrecoverykey pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft yín, tàbí kí ẹ tẹ manage-bde -protectors -get C: nínú Command Prompt ọjọ́sí. Nọ́mbà náà pín sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ, mẹ́fà-mẹ́fà. Bí ẹ̀rọ tó wà nínú àkáǹtì bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi Key ID wé ara wọn kí ẹ má baà kọ ti ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ló ṣeé fi 11 pín láì ṣẹ́kù, nítorí náà bí ẹ bá fi kaṣikulétọ̀ pín wọn tí ọ̀kan sì ṣẹ́kù, ẹ ti ṣi nọ́mbà kan kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò, nítorí kọ́kọ́rọ́ tí a kò tíì fi ṣí nǹkan kan rí kò tíì di kọ́kọ́rọ́ lójú tèmi. Fláàṣì Ubuntu yín á bá yín ṣe é: ẹ fi tan ẹ̀rọ, ẹ yan pé ẹ kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ fi àṣẹ sudo cryptsetup open --type bitlk --readonly ṣí ìpín Windows, orúkọ ìpín náà àti orúkọ èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ ló máa tẹ̀lé e. Láti ẹ̀yà 2.3.0, ní 2020, ni cryptsetup ti mọ BitLocker. Bí ó bá gba nọ́mbà yín, ọkàn yín lè balẹ̀.

Wàyí o, díìsìkì kejì. Lójú mi, òun ló wà nínú ewu jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò fẹ́ fi nǹkan kan sórí rẹ̀. BitLocker máa ń kọ àmì sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpín tó bá tì, bẹ́ẹ̀ náà ni LUKS tí Linux ń lò. Àmì yẹn ni ètò Ubuntu rí tó fi kìlọ̀ fún yín. VeraCrypt kì í kọ àmì kankan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tó bá gba díìsìkì náà lọ́wọ́ yín má lè tọ́ka sí ohunkóhun pé ẹ̀rí rèé. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó láì ní ọ̀rọ̀ aṣínà, nǹkan rúdurùdu tí kò nítumọ̀ ló máa rí. Ẹ wá ro ohun tí ètò tó ń wá àyè á sọ nípa irú díìsìkì bẹ́ẹ̀: yóò ní ó ṣófo. Bí ó bá jẹ́ pé odindi díìsìkì lẹ tì láì kọ́kọ́ pín in, Windows náà á máa sọ pé kò tíì ṣeé lò, pé kí ẹ jẹ́ kí òun ṣe Initialize fún un. Rárá ni ìdáhùn, lọ́jọ́ gbogbo. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti kọ nǹkan lé ìbẹ̀rẹ̀ díìsìkì, ibẹ̀ gan-an sì ni VeraCrypt tọ́jú ohun tí ọ̀rọ̀ aṣínà yín fi ń ṣí ìyókù sí. Ẹ̀dà kan wà ní ìparí díìsìkì, ó sì ti yọ àwọn kan nínú wàhálà, ṣùgbọ́n bí ètò kan bá ti da Linux sórí díìsìkì náà, àwọn fáìlì tí ó kọ nǹkan lé lórí ti lọ nìyẹn.

Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni kí ó yọ díìsìkì kejì kúrò nínú ẹ̀rọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àní bí ó bá tilẹ̀ gba pé kí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n ṣe bá a tú skúrù. Bí kò bá ṣeé yọ, UEFI àwọn ẹ̀rọ kan gbà kí ẹ pa ojú ibi tí díìsìkì náà wà. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ bíi nvme0n1 àti nvme1n1, nítorí méjèèjì lè gba ipò ara wọn láti ìgbà kan tí ẹ tan ẹ̀rọ sí òmíràn. Ẹ tẹ lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,FSTYPE, kí ẹ fi ìwọ̀n àti orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún díìsìkì dá a mọ̀. Ẹ tún ṣí VeraCrypt lórí Windows, ẹ lọ sí Tools, ẹ yan Backup Volume Header, kí ẹ tọ́jú fáìlì tó bá fún yín sórí nǹkan mìíràn. Èyí kò sọ pé kí ẹ má ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín o. Ẹ da iṣẹ́ náà sórí díìsìkì kẹta tí ẹ ó yọ kúrò lára ẹ̀rọ. Títì tí a ti nǹkan pa ń gbà á lọ́wọ́ olè nìkan. Kò lè gbà á lọ́wọ́ ìka tó tẹ bọ́tìnì tí kò yẹ.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà wọ̀ ọ́ ju ẹyọ kan lọ. Kí n tó dé orí sísítẹ́ẹ̀mù méjì, mo fẹ́ bi yín bóyá ẹ nílò rẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ yín bá jẹ́ kíkọ ètò àti lílo àṣẹ Linux, WSL 2, Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows, á ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan ìpín kankan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ Linux láti ìgbà tí ẹ̀rọ bá tàn títí tí ẹ ó fi pa á, nígbà náà ni ìyókù ọ̀rọ̀ mi wúlò. Ẹni tó lè ra díìsìkì mìíràn fún Linux nìkan ló rọrùn fún jù, nítorí kò ní fọwọ́ kan C: rárá. Ẹni tí kò lè rà á ní ọ̀nà méjì. Ó lè fi BitLocker sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó dá ìṣọ́ rẹ̀ dúró títí yóò fi tún un tàn fúnra rẹ̀ pẹ̀lú manage-bde -protectors -disable C: -RebootCount 0, kí ó sì pín àyè fún Linux fúnra rẹ̀, ó yá, ṣùgbọ́n àwọn ètò kan kì í gbà bí wọ́n bá ti rí àmì BitLocker. Tàbí kí ó tú títì C: kúrò pátápátá, kí ó fi Linux sí i, kí ó sì tún un tì. Ìyẹn lè gba wákàtí mélòó kan, díìsìkì á sì wà ní gbangba títí iṣẹ́ á fi parí, nítorí náà ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ náà jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀nà kejì yìí ni mo yàn fún yín. Àkókò nìkan ló máa gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ rántí pé bí ẹ bá tún un tì, kọ́kọ́rọ́ tuntun ló máa wà. Ti àtijọ́ tó wà lórí bébà ti kú, ẹ kọ tuntun.

Inú Windows ni kí ẹ ti yọ àyè, nínú diskmgmt.msc, kì í ṣe inú Linux. Windows lè dín C: kù bó tilẹ̀ wà ní títì, GParted, ètò tí Linux fi ń pín díìsìkì, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àyè tó fún yín bá kéré ju bí ẹ ṣe rò, fáìlì kan tí kì í kúrò lójú kan ló sábà máa ń fà á, hiberfil.sys sì wà lára wọn. Àṣẹ powercfg /h off á yọ ọ́, á sì tún pa Fast Startup, èyí tí ẹ nílò lọ́nàkọnà. Bí Fast Startup bá wà, ẹ ó rò pé ẹ ti pa Windows, bẹ́ẹ̀ ó kàn sùn ni. Bí Linux bá wá kọ nǹkan sórí ìpín tí Windows ṣì rò pé òun dì mú, fáìlì á dàrú. Ẹ fi àyè tí ẹ yọ sílẹ̀ lófìfo, ẹ má fún un ní lẹ́tà, kí ẹ má sì pa àwọn ìpín kéékèèké yòókù rẹ́ nítorí pé ẹ kò mọ iṣẹ́ wọn. Bí Linux kò bá rí díìsìkì rárá, ó ṣeé ṣe kí UEFI wà lórí Intel RST, ọ̀nà kan tí ẹ̀rọ fi ń bá díìsìkì sọ̀rọ̀; AHCI ni ọ̀nà mìíràn. Ẹ má kàn yí i sí AHCI báyẹn, nítorí Windows lè má jí mọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣètò kí Windows jí ní Safe Mode, kí ẹ tó yí i.

Ẹ ti Linux náà pa. Mo ń rí ẹni tó ti Windows pa dáadáa tó sì fi Linux sílẹ̀ ní gbangba lórí ẹ̀rọ kan náà, tó ń da iṣẹ́ rẹ̀ sínú Linux. LUKS ni ẹ ó lò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí gidigidi: nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Ubuntu, ibi tí ẹ ti lè yan títì pa wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pa odindi díìsìkì rẹ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láì kà á ti sọ o dàbọ̀ fún Windows. Ètò Fedora, irú Linux mìíràn, gbà kí ẹ ti kìkì ohun tó bá lọ sínú àyè òfìfo pa, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń darí àwọn tí kò tíì pinnu lé e lórí. Ìpín /boot, ibi tí Linux ti ń jí, nìkan ni ẹ máa fi sílẹ̀ láì tì, 1 GB tó fún un, nítorí GRUB kì í ṣí gbogbo irú LUKS2. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ fi cryptsetup luksHeaderBackup ṣe ẹ̀dà orí LUKS, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ níbi tí ẹ tọ́jú ti VeraCrypt sí.

Láti ọjọ́ náà lọ, mẹ́nù UEFI ni kí ẹ ti máa yan Windows, F12 tàbí bọ́tìnì tí ẹ̀rọ yín bá ń lò, kì í ṣe inú GRUB. Bí ẹ bá gba GRUB kọjá, TPM á gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tí kò mọ̀, á sì béèrè nọ́mbà 48. Kí ẹ tó tún BitLocker tàn, ẹ kọ́kọ́ gba ojú ọ̀nà tí ẹ ó máa gbà yìí wọ Windows, kí ó lè jẹ́ òun ni TPM máa mọ̀. Ẹ má pa Secure Boot. Ubuntu àti Fedora ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé sísítẹ́ẹ̀mù méjì kò lè rọgbọ bí ẹyọ kan. Ní oṣù kẹjọ 2024, àtúnṣe Windows kan mú kí Secure Boot máa kọ Linux sílẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oní-sísítẹ́ẹ̀mù méjì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé Verifying shim SBAT data failed. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà, kò sì sẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ nínú díìsìkì nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí irú rẹ̀ bá dé, ẹni tó ní fláàṣì Linux àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lórí bébà ló máa ń lè dúró. Ẹ tún mọ̀ pé nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa ni títì yìí ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá dìde kúrò nídìí rẹ̀ láì pa á, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ti wọlé, BitLocker àti LUKS kò ní dá a dúró.

Díìsìkì kejì ni kí ẹ dá padà kẹ́yìn, lẹ́yìn tí Windows àti Linux bá ti jí lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta láì béèrè nǹkan kan. VeraCrypt wà fún Linux náà, ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà ló máa ṣí i. Bó bá jẹ́ NTFS, ọ̀nà tí Windows fi ń to fáìlì, ló wà nínú rẹ̀, Linux á kà á, á sì lè kọ nǹkan sí i. Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kàn máa kà á láti inú Linux, kí ẹ fi kíkọ nǹkan sí i sílẹ̀ fún Windows, títí ẹ ó fi rí i pé Windows ń pa ara rẹ̀ tán pátápátá ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa á.